Tíṣà Àfojúsùn àti Ògiri Kíláàsì Karùn-ún

Ẹ ó gbọ́ tí mò ń pe ọkùnrin yìí ní "ó", tí n kò pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe pé wọn ò kọ́ mi nílé. Àkọ́kọ́, mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Èkejì, ká tilẹ̀ ní òun ló bí mi, lẹ́yìn ohun tí mo fojú ara mi rí, "ó" náà ni n bá máa pè é.

Kíláàsì kẹfà ni mò ń kọ́, òun sì ń kọ́ kíláàsì karùn-ún. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí á mọ ohun tójú mi ń rí. Gbogbo ọmọ tí ọkùnrin yìí bá fi ọdún kan bà jẹ́, èmi ni wọ́n ń kó wọn fún lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bí ìdánwò àṣejáde bá dé tí wọn ò yege, èmi làwọn òbí ń wá ká mọ́ ẹnu ọ̀nà. Òun á ti jókòó sí kíláàsì tirẹ̀ nígbà náà, á máa tú kádíbọ́ọ̀dù tuntun nínú ọ̀rá.

Àwọn ọmọ ló sọ ọ́ ní Tíṣà Àfojúsùn, àwa àgbà sì gbà á lẹ́nu wọn, nítorí ọ̀rọ̀ náà kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹ kí i pé ẹ káàárọ̀, á ní àfojúsùn òun láàárọ̀ yìí ni pé báyìí báyìí. Ẹ ní kó sún díẹ̀ fún yín lórí bẹ́ǹṣì, á bi yín pé kí ni èròńgbà yín. Ó lọ síbi ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan nígbà ìsinmi, níbi tí wọ́n ti fún wọn ní fáìlì aláwọ̀ búlúù àti tíì tó ti tutù. Láti ìgbà náà la ò ti rímú mí mọ́.

Ọ̀nà ìkọ́ni tuntun ló kó bọ̀. Ó ní ọmọ kíláàsì karùn-ún ti kúrò ní ọmọdé tí wọ́n ń ha nǹkan sí lórí. Ó ní kí tíṣà dín ọ̀rọ̀ sísọ kù, kí àwọn ọmọ jókòó yíká, kí wọ́n máa bi ara wọn léèrè, kí oníkálukú máa ronú fúnra rẹ̀. Ó sọ gbogbo èyí fún wa níbi ìpàdé àwọn tíṣà, ó sọ ọ́ títí Ìyá Ọ̀gá, ìyẹn ọ̀gá ilé-ìwé wa, fi sùn lọ sórí àga. Ọ̀rọ̀ náà dára o. N ò bá ọ̀rọ̀ jà. Ẹnu dùn-ún ròfọ́ ni mo sọ sínú ara mi, mo ní ká ṣáà máa wò ó.

Ohun tó fi ọ̀rọ̀ dáadáa yìí ṣe ni pé ó kọ ọ́ sára kádíbọ́ọ̀dù, ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ bá mi wo ògiri ọ̀hún. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ojú fèrèsé, kò sí ibi tí aláǹgbá lè gbà kọjá. Lápá òsì ló kọ ọ̀nà ìkọ́ni sí: "Akẹ́kọ̀ọ́ yóò jókòó yíká. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò ronú." Lókè pátákó ìkọ̀wé ni àfojúsùn ọ̀sẹ̀ máa ń wà, ó fẹ̀ tó ilẹ̀kùn, lẹ́tà rẹ̀ oríṣiríṣi àwọ̀: "Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe báyìí." Ní gbogbo ọjọ́ Ajé, á sọ ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá kalẹ̀, á gbé tuntun kọ́. Kò sẹ́ni tó bi í rí bóyá akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe ti tẹ́lẹ̀. Òun náà kò bi ara rẹ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì ṣí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, àwọn àfojúsùn àtijọ́ á ya lù yín lẹ́sẹ̀, gbogbo wọn mọ́ tónítóní, kò sí èyí tí wọ́n lò rí nínú wọn.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń kọ́ wọn lábẹ́ ògiri náà. Mo mọ̀ ọ́n, torí etí mi ò di. Á ka ìlà kan, wọ́n á kà á tẹ̀ lé e. Á ka òmíràn, wọ́n á tún gbé e.

"Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, sà!"

"Ṣé ó yé yín dáadáa?"

"Ó yé wa dáadáa, sà!"

Bí ọmọ kan bá nawọ́ pé òun fẹ́ béèrè nǹkan, á ní kó jókòó jẹ́ẹ́, pé ó ń dá àfojúsùn dúró. Ọmọ kan ò sì jókòó yíká níbẹ̀ rí, nítorí bẹ́ǹṣì tí wọ́n bá wọ́ máa ń ha sìmẹ́ńtì, ariwo rẹ̀ sì máa ń fọ́ Tíṣà lórí.

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà nínú kíláàsì yìí. Gbohùngbohùn làwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, torí ohun tó bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tán, ó ti há sí i lórí. Òun ló ń ṣáájú gbogbo ìkàtẹ̀lé, ohùn rẹ̀ ń dún kedere ju ti gbogbo wọn lọ. Bàbá rẹ̀ ti kìlọ̀ fún un pé bí wọ́n bá ti wọ ọgbà ilé-ìwé, "sà" ni kó máa pe òun. Nírọ̀lẹ́, nílé, òun ló ń bá a di rúlà mú. Bàbá á fi pẹ́ńsù fa ìlà àwọn lẹ́tà, ọmọ á fi máákà kun inú wọn, kì í sì í jẹ́ kí àwọ̀ kọjá ìlà. Mo ti lọ gba aṣọ lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ nílé rí, torí télọ̀ tó mọṣẹ́ ni, mo bá bàbá àtọmọ lórí ìkúnlẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ó dùn mọ́ mi lọ́jọ́ náà, n ò ní purọ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Ìyá Ọ̀gá sọ fún wa pé àwọn ń fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwọn alábẹ̀wò máa wá láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, Tíṣà Àfojúsùn á kọ́ àwọn ọmọ lójú wọn, bí iṣẹ́ rẹ̀ bá tẹ́ wọn lọ́rùn, òun ni wọ́n máa fi rọ́pò ìyá náà. Háà! N ò rí ẹni tí nǹkan wù tó báyẹn rí. Ìgbà tá a bá dákẹ́ nínú yàrá tíṣà, á ní "bí Ọlọ́run bá ṣe é." Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ni. Lọ́jọ́ kan mo bá a nínú ọ́fíìsì Ìyá Ọ̀gá tó ń fi téèpù ìyàwó rẹ̀ wọn fèrèsé, ìyá náà sì wà lórí àga, wọ́n ń wò ó. Kí oṣù tó parí, kọ́tìnì ti wà nílé, wọ́n ti lọ̀ ọ́, wọ́n ti ká a.

Kí àwọn alábẹ̀wò tó dé, mo rán Gbohùngbohùn níṣẹ́ lẹ́yìn agogo ìparí. Mo ní kó bá mi mú ìwé ìṣirò wá lórí tábìlì mi. Ìwé mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá.

"Ẹ mú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ níbẹ̀, mà."

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọmọ yìí gbọ́n. Mo wá ní ó dáa, kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn wọn sí mi létí, ojú ti ń ro mí. Ó ṣí èyí tó wà lókè, ó wo àwòrán inú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ajá kan tó ń wá olówó rẹ̀ kiri fún mi. Ìtàn náà dùn. Kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó wà nínú ìwé.

Mo fà á mọ́ra, mo fi ìka lé lẹ́tà kan ṣoṣo, mo ní kí lèyí. Ó wò ó, ó tún yí orí wò ó.

"Èyí tá a máa ń kùn ní pupa ni, mà."

Lẹ́tà A ni. Ọmọ tíṣà! Ọmọ tó ti kun gbogbo lẹ́tà láti A dé òpin, tí kò mọ orúkọ ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kà, ta ló máa dá a mọ̀ nínú igbe odidi kíláàsì? Òun gan-an ló tún ń ṣáájú wọn. Mo dìde níbẹ̀, mo kọjá sí kíláàsì karùn-ún.

Tíṣà wà lórí àga, ó ń lẹ nǹkan mọ́ ògiri.

"Tíṣà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ kan bá yín sọ."

"Ẹ máa sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n, mò ń gbọ́."

"Ọmọ yín ò mọ̀wé kà."

Ó rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ yíjú. "Gbohùngbohùn? Ọmọ tó ń ṣáájú gbogbo wọn? Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ràn àwàdà."

"Ó ń há a sórí ni. Kò mọ A yàtọ̀ sí B. Ẹ mú un padà sí a-b-d kó tó pẹ́ jù. Wọ́n ní amúkùn-ún, ẹrù ẹ wọ́, ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Ìgbà náà ló tó wò mí, bí ẹni ń wo ọmọ tó béèrè ìbéèrè. "Ẹ̀gbọ́n, a-b-d ò sí nínú àfojúsùn kíláàsì karùn-ún."

"Kò sí ńbẹ̀?"

"Kíláàsì kìn-ín-ní ló wà. Bóyá ojú ló ń dùn ún. Ẹ jẹ́ kí àbẹ̀wò yìí kọjá ná, a ó mójú tó o."

Bí mo ṣe jáde nìyẹn. Kò bi ọmọ náà ní lẹ́tà kan. Mo mọ̀, torí mo bi ọmọ náà lọ́jọ́ kejì. Mo ní kó máa dúró tì mí lẹ́yìn agogo ìparí kí n máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní rárá, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń kun kádíbọ́ọ̀dù. Mo lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìyẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ò kàwé, bàbá rẹ̀ sì ni tíṣà. Ta ni kí n tún gbé e lọ bá?" Mo padà sílé.

Ìmúrasílẹ̀ bẹ̀rẹ̀, etí wa ò sì gbádùn mọ́. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n tí akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ yìí dá. Ó pín ìdáhùn fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe jókòó. Ẹni tó wà lójú fèrèsé ní bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ ló ni ìbéèrè àkọ́kọ́, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ni èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ kọ̀ọ̀kan, ìdáhùn kan. Kò pọn dandan kí ọmọ gbọ́ ìbéèrè, kó ṣáà ti mọ̀ pé ó ti kan òun. Gbohùngbohùn nìkan ni kò fún ní ìdáhùn, torí òun ló máa ṣáájú ewì ìparí. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ògiri: "Mọ́kànlá, sà!" "Afẹ́fẹ́, omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, sà!" "Igun mẹ́ta, sà!" Àwọn ọmọ kíláàsì tèmi náà ti há a sórí. Bí mo bá bi wọ́n ní ìbéèrè gidi, àwọn elẹ́fẹ̀ inú wọn á dá mi lóhùn pé "Igun mẹ́ta, mà."

Ọjọ́ pé. Alábẹ̀wò méjì ló dé. Ọ̀kan jẹ́ ọkùnrin tí bàtà rẹ̀ ń dán, tí fóònù ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe wọlé tó rí ògiri, ó ní "Háà! Ẹ wo iṣẹ́!", ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò kádíbọ́ọ̀dù kí ó tó rántí pé àwọn ọmọ wà nínú yàrá. Èkejì jẹ́ ìyá àgbà kan tó fi okùn so gíláàsì ojú kọ́ ọrùn. Àwọn ọmọ ni ìyá náà kọ́kọ́ kí. Ìyá Ọ̀gá ti ní kí gbogbo tíṣà wá kọ́gbọ́n. A kó àwọn ọmọ tiwa sí pápá pé kí wọ́n máa ṣa bébà, àwa àgbà wá ká orúnkún mọ́ àyà lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé lẹ́yìn kíláàsì.

Àfojúsùn tuntun wà lókè pátákó. Ìrọ̀lẹ́ àná ni bàbá àtọmọ ṣe é tán, máákà ṣì wà lára ìka ọmọ náà. Ó kà báyìí: "Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ka àyọkà geere láìsí ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni." Nínú kánjúkánjú àárọ̀ náà, Tíṣà gbàgbé láti kà á sí wọn létí bó ṣe máa ń ṣe lọ́jọ́ Ajé.

Ó bẹ̀rẹ̀. Táì rẹ̀ gún, máákà àwọ̀ mẹ́rin tò sí àpò àyà rẹ̀. Ó béèrè, ẹni ojú fèrèsé dìde, ó dáhùn. Ó béèrè, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dìde, ó dáhùn. Ọkùnrin oníbàtà ń mi orí. "Ó ga o," ó ń sọ ọ́ ní gbogbo ìgbà, "ó ga o." Inú bí mi débi pé mo ń ka àwọn ìṣó tó wà lára bẹ́ǹṣì. Nígbà náà ni ìyá àgbà gbé gíláàsì sójú, wọ́n ka kádíbọ́ọ̀dù apá òsì, wọ́n fara balẹ̀ kà á tán.

"Tíṣà, mo rí i níbí pé àwọn ọmọ yín máa ń jókòó yíká. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó bí wọ́n ṣe máa ń jókòó, ẹ má torí wa dà á rú."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde pàtẹ́wọ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹnu ló fi rín in. Bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀, àwọn ọmọ ń kọlu ara wọn, torí wọn ò ṣe é rí láyé wọn. Nígbà tí wọ́n fi jókòó tán, ẹni ojú fèrèsé ti wà ní ẹnu ọ̀nà, ẹni ẹnu ọ̀nà ti wà lẹ́yìn tábìlì, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ti kan òun.

"Kí ni ìdajì méjìlélógún?"

Wọ́n wo ara wọn. Ọmọbìnrin kan fò dìde. "Afẹ́fẹ́, omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn, sà!"

"Ó dáa, ó dáa. Ta ló lè sọ ohun tí ewéko nílò?"

"Mọ́kànlá, sà!"

Ọmọkùnrin kan tí ìdààmú ti bá pátápátá nawọ́ sókè, ó fẹ́ sunkún. "Sà, ẹ ò tíì bi mí ní tèmi. Igun mẹ́ta ni."

Àwa tíṣà ń bojú wolẹ̀. Èmi ń rẹ́rìn-ín, n ò lè fi pa mọ́. Òógùn bo Tíṣà, ó ní eré kan ni, pé òun máa ń da ìdáhùn rú kí àwọn ọmọ lè ronú fúnra wọn. Ẹ sì mọ̀ pé ọkùnrin oníbàtà gbà á gbọ́? Ó ní "Ọ̀nà ìkọ́ni tuntun nìyẹn," ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé àga lásán ni wọ́n gbé wọlé tí wọ́n pè é ní alábẹ̀wò, n bá gbà.

Ìyá àgbà kò kọ nǹkan kan. Wọ́n yíjú sí Gbohùngbohùn, tó jókòó jẹ́ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìwọ tó ò tíì sọ̀rọ̀, ọmọ dáadáa. Wá ka àfojúsùn ọ̀sẹ̀ yìí fún wa."

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Ọmọ náà dìde, ó lọ dúró síwájú pátákó, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó gbójú sókè sí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá fi ohùn tó dùn yẹn kà á, kò kọ́ ọ lẹ́nu rárá: "Ní òpin ọ̀sẹ̀ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ya onírúurú ìlà, yóò sì lè fi rúlà wọ̀n wọ́n." Ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni.

Ìyá àgbà dìde, wọ́n rìn lọ bá a, wọ́n rọra ní kó fi ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ "akẹ́kọ̀ọ́" han àwọn. Ọmọ náà wo àwọn àwọ̀. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó wá na ìka tó ní máákà lára sí ibi tí kò kàn án. Ìyá náà gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́, wọ́n yíjú padà.

"Tíṣà, ọmọ ta ni ọmọ yìí?"

Gbogbo wa la mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ìyá Ọ̀gá mọ̀, wọ́n húkọ́. Mo wo ojú ọkùnrin náà, mo rí i tó ń wo fóònù oníbàtà, tó ń wo bébà tí wọ́n ń kọ nǹkan sí. Mo rí i kedere bó ṣe ń wọn ọmọ rẹ̀ mọ́ ọ́fíìsì yẹn.

"Ọmọ àdúgbò yìí ni, mà," ó ní. "Irú wọn ò wọ́n láwùjọ. À ń sa gbogbo ipá wa, àmọ́ àwọn òbí ni ò bìkítà. Bàbá ọmọ yìí ò bi í rí pé kí lo kà lónìí."

Gbogbo kíláàsì yíjú wo Tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkùnrin oníbàtà rò pé ìgbọràn ni, ó tún mi orí. "Àwọn òbí ayé òde òní!" ó ní, ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Mo kórìíra Tíṣà nígbà náà. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà.

"Bàbá ẹ dà, ọmọ mi? Mo fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ kí n tó lọ."

Gbohùngbohùn wo ọkùnrin tó dúró ti pátákó. Ó wò ó pẹ́. Ọkùnrin náà ń tún táì rẹ̀ ṣe.

"Wọn ò sí nílé, mà."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìdáhùn yẹn. Òun ló ronú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti dé ètè mi, mo ti gbé ìdí kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Àmọ́ ọmọ náà ti sọ̀rọ̀. Bí mo bá tú u síta, òun ni mo sọ di òpùrọ́ lójú àlejò, lórí ohun tó fi bo bàbá rẹ̀ láṣìírí. Mo tún jókòó. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Gbogbo wa la wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, a ká orúnkún mọ́ra, orí ọmọ sì wọ́. Wọ́n tún máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá a. Wọ́n fún òtítọ́ ní ìjókòó lẹ́yìn, nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n ní kó máa lọ.

Wọ́n fún Tíṣà ní ipò ọ̀gá náà. Lẹ́tà dé pé olùkọ́ tó ń sapá ni, bí àwọn òbí ò tiẹ̀ ràn án lọ́wọ́. Àwọn tíṣà kí i kú oríire, wọ́n mu mínírà rẹ̀. Èmi ní ikùn ń run mí. Kọ́tìnì gun ojú fèrèsé, ó bá a mu rẹ́gí. Ọ̀kan lára iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ìwé ọ́fíìsì ṣe ni pé ó buwọ́ lu orúkọ àwọn tó ń bọ́ sí kíláàsì kẹfà, orúkọ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Bí ọmọ náà ṣe dé ọ̀dọ̀ mi nìyẹn. N ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá lu agogo eré, táwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sáré jáde, á wá jókòó ti tábìlì mi, mo ń kọ́ ọ ní a, mo ń kọ́ ọ ní b, pẹ̀lú pẹ́ńsù dúdú lásán. N ò jẹ́ kó fọwọ́ kan máákà. Ó ń tètè mọ̀ ọ́n. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé ó ń tètè mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ kan báyìí, Ọ̀gá tuntun fúnra rẹ̀ wá dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Ó wọ kóòtù. Ó rí ọmọ rẹ̀ lórí àga, ó rí ohun tá à ń ṣe, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí mọ sáàárín wa. Ọ̀gá ilé-ìwé tí wọ́n bá gbọ́ pé ọmọ rẹ̀... ẹ ṣáà mọ bó ṣe máa rí létí àwọn èèyàn."

"Ọmọ ta ni, sà?"

"Ẹ̀gbọ́n!"

"N kì í bá ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Òbí rẹ̀ ni mo máa ń bá sọ ọ́. Ẹ bá mi ránṣẹ́ pe bàbá rẹ̀."

Pẹ́ńsù dúró lọ́wọ́ Gbohùngbohùn. Ó gbójú sókè, ó ń wo bàbá rẹ̀. Gbólóhùn kan péré ni mo ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin yìí, gbólóhùn tí kò ní kádíbọ́ọ̀dù, tí ẹnikẹ́ni kò ní ya fọ́tò rẹ̀. Ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ó pa á dé, ó kọ́kọ́ yíjú sẹ́yìn, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, bóyá ẹnì kan ń bọ̀.

Nígbà tó fi máa yíjú padà, ọmọ náà ti tẹrí ba, ó ti ń bá lẹ́tà rẹ̀ lọ.